Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ ìtàn sẹ́ńtà àdúgbò táwọn ìdílé tó ṣí wá láti ìlú míì ń lò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ ìtàn sẹ́ńtà àdúgbò yín, ibi táwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń kọ́ èdè, tí wọ́n ti ń bá wọn ka lẹ́tà ìjọba, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì lọ bá ọ̀gá ibẹ̀ o. Ìyá tó ń kó ọmọ wá síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bàbá tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, torí ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù ṣì máa dúró dè yín, àgbà lè má dúró.

Ẹ má bi wọ́n pé ọdún wo ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ò ní rántí, ọ̀rọ̀ á wá kú sí wọn lẹ́nu. Ẹ ní "Mà, ta ló mú yín wá síbí lọ́jọ́ àkọ́kọ́?" kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè tiwọn sọ ọ́, ẹ fi fóònù gbohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà, kẹ́ni tó gbọ́ èdè náà túmọ̀ rẹ̀ tó bá yá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ẹ̀ ò tíì yanjú, ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ rárá, ìtàn kankan ò tó nǹkan téèyàn á torí ẹ̀ kó wàhálà bá ìdílé kan.

Tí wọ́n bá gbé fótò jáde, pẹ́ńsùlù tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ sétí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ rọra kọ ọ́. Báírò máa ń tẹ̀ ẹ́ dé iwájú, yíǹkì ẹ̀ sì lè ràn mọ́ fótò míì.

Irú ilé báyìí ti pẹ́ láyé. Ọdún 1884 ni Toynbee Hall bẹ̀rẹ̀ ní London, Jane Addams, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, lọ wò ó, nígbà tó di 1889 òun àti Ellen Gates Starr ṣí Hull House ní Chicago láàárín àwọn ará Ítálì, Jámánì, Gíríìsì àtàwọn Júù tó wá láti Rọ́ṣíà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni máàpù tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1895, wọ́n kun ilé àdúgbò yẹn ní oríṣiríṣi àwọ̀, ìlú tí wọ́n ti wá ní àwọ̀ tiẹ̀, máàpù kejì wá fi owó tó ń wọlé fún wọn lọ́sẹ̀ hàn. Láàárín ọdún 1960 sí 1969 wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú ilé Hull House kí wọ́n lè kọ́ yunifásítì síbẹ̀, ṣùgbọ́n máàpù yẹn ṣì ń sọ ẹni tó gbé ibẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ ya tiyín. Ẹ tẹ́ pépà ńlá sórí tábìlì, ẹ jẹ́ káwọn àgbà fìka tọ́ ọ, "ibí ni mo gbé, ọ̀nà yìí la máa ń gbà wá". Wọ́n á jiyàn o, ẹ kọ iyàn náà sílẹ̀.

Ìgbà yẹn lẹ wá lè lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wo ìwé mítìn àti rẹ́jísítà, àmọ́ ìwé ìkéde ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò jù, ẹ tò ó lọ́dọọdún kẹ́ ẹ wo èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ọdún tí èdè kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ó jọ pé ìgbà yẹn làwọn èèyàn ẹ̀ ń dé, ẹ lọ bi wọ́n. Tí owó bá tán lọ́dún kan, tàbí táwọn tó ti wà níbẹ̀ bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jà, ẹ má fi pa mọ́.

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ padà lọ ka apá ti kálukú sí i létí ní èdè ẹ̀, ibi tó bá ti ní "rárá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀", ẹ tún un ṣe níṣojú ẹ̀.