Hard disk mi lọ sí Ṣágámù, wọn ò sọ fún mi

₦25,000 tí mo fi ṣòfò ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń dùn mí jù, kì í ṣe ₦240,000 tí mo san l'Ékòó. Ti Èkó, mo rí ohun tí mo fi rà: wọ́n bá mi yọ fọ́tò inú hard disk mi tó bàjẹ́.

Fọ́tò ni mò ń yà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló wà lórí hard disk yẹn: ìgbéyàwó, òkú àgbà, Ojúde Ọba pẹ̀lú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ nínú aṣọ wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ kọ́ waya, hard disk bá já bọ́ látorí tábìlì. Mo fi í sí kọ̀ǹpútà, ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan páànù. Mo yọ ọ́, mo tún fi í, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mi ò mọ̀ pé orí tó ń ka àwo inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́, àti pé gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án ló lè máa họ àwo náà bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Mo gbé e fún ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Ọjọ́ mẹ́ta, ó ní. Ó gbowó, kò fún mi ní risíìtì, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú náà ò sì béèrè! Lọ́jọ́ kẹta: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti wà lórí ẹ̀rọ." Lọ́jọ́ kẹfà, kò síná. Lọ́sẹ̀ kejì, jẹnẹrétọ̀ ti bàjẹ́. Ìyá ìyàwó kan ń pè mí láàárọ̀, ó ń pè mí lálẹ́: "Ọmọ mi, fọ́tò wa dà?" Irọ́ tí ọmọkùnrin yẹn bá pa fún mi lọ́sàn-án ni mo ń pa fún màmá lálẹ́.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án, mo ní mi ò lọ. Ó ra ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mi ò dìde. Ìgbà tó dìrọ̀lẹ́ ló tó jẹ́wọ́: láti ọjọ́ kejì ló ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ kan ní Ṣágámù, ọ̀gá náà sì ti gbé e fún ẹlòmíràn. Fọ́tò ìyàwó oníyàwó, ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ bí igbá ẹmu! Ó tún gba ọjọ́ márùn-ún kó tó padà, nọ́ọ̀tì kékeré kan sì ti sọnù lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ibi mẹ́rin ni mo pè l'Ékòó. Ìbéèrè mi kan ni: ta gan-an ni yóò fọwọ́ kàn án, níbo? Ẹni tó bá ti ní dandan ni kí fọ́tò jáde láì tíì rí disk náà, mo pa fóònù. Ẹni tó ní software lòun máa fi ṣe é, mo pa fóònù. Software kì í tún irin tó ti kán ṣe. (Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, tí disk ò dún, PhotoRec, software tó ń wá fáìlì tó ti parẹ́, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣáà kó fáìlì tó bá rí sórí disk kan náà.)

Obìnrin kan ní Ìkẹjà ló yàtọ̀. Òun ló kọ́kọ́ bi mí: "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti tàn án? Ẹnikẹ́ni ti ṣí i?" ₦15,000 láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ iye tó kù sínú ìwé, mo máa rí orúkọ fáìlì kí n tó san án, bí wọn ò bá sì rí nǹkan kan, mi ò ní san ìyókù. Wọ́n wá hard disk irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n yọ orí tirẹ̀ fi rọ́pò, wọ́n sì da gbogbo ohun tó wà nínú tèmi sórí disk òmíràn kí wọ́n tó yẹ fáìlì kankan wò. Wọ́n ya fọ́tò àwo inú tèmi, wọ́n fi hàn mí: ìtẹ̀ka ènìyàn wà lórí rẹ̀ rekete. Ẹnì kan ti fọwọ́ lásán ṣí i. Ibẹ̀ ni ìdajì fọ́tò òkú kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ṣègbé sí.

Màmá ti gba fọ́tò rẹ̀. ₦25,000 mi ò tíì padà. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọmọkùnrin náà á yáa gbé fóònù sétí.