Síkúrù tó yọ̀ lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja: àwọn àṣìṣe tó ń sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá

Ìgbà àkọ́kọ́ tí síkúrúdíráífà bá yọ̀ lórí síkúrù ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró. Ẹ má yí i lẹ́ẹ̀kejì. Orí síkúrù náà kò tíì bàjẹ́ tán nígbà yẹn, ó ṣì ní ibi tí irinṣẹ́ lè dì mú. Ohun tó ń sọ iṣẹ́ kékeré di iṣẹ́ olówó ńlá ni pé a kì í fẹ́ gbà pé ó ti yọ̀: a ó tún tẹ̀ ẹ́, a ó tún yí i, títí orí rẹ̀ yóò fi di ihò róbótó tí kò ní igun mọ́. Létí Odò Ọya, láti Lókọ́ja lọ sí Koton-Karfe, ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun. Bí ó bá dùbúlẹ̀ nítorí síkúrù kan, ẹja kò ní dé ọjà Kpata, owó ilé-ìwé ọmọ á sì dúró. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká sọ ọ́ kúnnákúnná.

Àṣìṣe tó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni irinṣẹ́ tí kò bá síkúrù mu. Yamaha àti Suzuki tí a ń rí lórí omi, ilé-iṣẹ́ Japan ló ni wọ́n, ìlànà Japan tí wọ́n ń pè ní JIS ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀pọ̀ síkúrù sítáà ara wọn. Síkúrúdíráífà sítáà tí ẹ bá rà lọ́jà sábà máa ń jẹ́ Phillips, irú ti Amẹ́ríkà. Lójú lásán, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu Phillips ṣe ṣóńṣó jù: ó máa ń kan ìsàlẹ̀ ihò kí apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jókòó dáadáa, bí a bá sì fi agbára yí i, yóò gòkè, yóò yọ̀. Ẹ wo orí síkúrù náà. Bí ẹ bá rí àmì kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀, JIS ni. Bí ẹ kò bá rí síkúrúdíráífà JIS rà, ẹ fi fáìlì ha ṣóńṣó Phillips kúrò díẹ̀, á jókòó. Ọgbọ́n yìí nìkan ti tó láti gba ọ̀pọ̀ síkúrù kàbúrétọ̀ là.

Sípánà náà ní tirẹ̀. Bóòtù M8 ti Japan, ìyẹn bóòtù tí ara rẹ̀ fẹ̀ tó 8 mm, sípánà 12 ló sábà máa ń gbà; M8 tó bá ti ibòmíràn wá sábà máa ń gba 13. Ẹni tó bá fi 13 sórí 12 nítorí pé òun ló wà nítòsí, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń fá dànù. Píláyà burú ju ìyẹn lọ.

Bí ó bá ti wá yọ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì kúrò lórí omi. Ẹni tó bá ń tú nǹkan nínú ọkọ̀ tó ń mì, odò ni yóò gba wásà àti síkúrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ yanrìn àti ẹrẹ̀ inú ihò orí síkúrù náà, nítorí irinṣẹ́ kò lè jókòó lórí yanrìn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ta epo sí i. Epo tí wọ́n dìídì ṣe fún síkúrù tó há ló dára jù. WD-40 náà wúlò. Kẹrosíìnì tí a pò mọ́ ọ́ìlì díẹ̀ sàn ju kí a má fi nǹkan kan sí i lọ. Ẹ fi hámà kékeré kàn án lórí díẹ̀díẹ̀ kí epo lè rí ọ̀nà wọlé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ti í ní sùúrù. Epo kò lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún wọnú eyín síkúrù tó ti ń dípẹtà láti ọdún mélòó kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀ sí ọ̀nà tí a ń gbà dè é, kí ìpẹtà já, kí ẹ tó máa tú u. Síkúrúdíráífà kan wà tí a ń fi hámà lù nídìí, tó ń tẹ síkúrù mọ́lẹ̀ tó sì ń yí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà mọ̀ ọ́n dáadáa. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe wà láìní ọ̀kan.

Iná ni àṣìṣe tó ń bà mí lẹ́rù jù. Òótọ́ ni pé ooru máa ń ṣèrànwọ́: alumíníọ́mù tí wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì máa ń fẹ̀ ju irin síkúrù lọ bí ó bá gbóná, ihò náà á sì dẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù wà nínú kàbúrétọ̀, ó wà nínú páìpù, èéfín rẹ̀ sì wà níbi tí ojú kò lè rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé iná gáàsì sún mọ́ ọn. Bí kò tilẹ̀ gbiná, ooru iná yẹn á yọ́ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Omi híhó ni kí ẹ lò: ẹ dà á sí ara alumíníọ́mù yí síkúrù ká, kí ẹ sì gbìyànjú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná.

Nígbà tí gbogbo èyí bá kùnà ni dìríìlì tó kàn. Irin ṣóńṣó kan wà tí eyín rẹ̀ yí sí òsì, tí a ń kì bọ ihò tí a lu sáàárín síkúrù láti fà á jáde. Ó wúlò, àmọ́ irin líle ni, kò sì gba kí a tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá kán sínú, dìríìlì lásán kò ní lè gé e, ìyà di méjì. Bí síkúrù kò bá ti gbọ̀n rárá, ẹ má fi irin yìí bá a jà. Ó sàn kí ẹ lu gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ gé eyín tuntun: ihò 5 mm fún M6, 6.8 mm fún M8.

Ti pákó yàtọ̀, òun ló sì lè pa èèyàn. Bí ihò síkúrù bá ti fẹ̀ lára pákó ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn kan á ki igi ìṣáná àti gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà bọ̀ ọ́, wọn á tún dè é padà. Omi á rọ gọ́ọ̀mù yẹn. Àwọn mìíràn á wá ìṣó tó tóbi jù ú lọ, pákó á sì là. Fún ìjókòó tàbí ìkọ́ àwọ̀n, ẹ lu ihò náà mọ́, ẹ gbá igi líle gbígbẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù onípò-méjì tí a ń pò pọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó lu ihò tuntun. Fún ibi tí ẹ́ńjìnnì kọ́ sí, ẹ má lo síkúrù pákó rárá. Bóòtù tó gba inú pákó já ni, pẹ̀lú wásà gbòòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ní September àti October tí Odò Ọya bá kún, igi ńláńlá ló ń bá omi wá. Bí fáànù tó ń yí nínú omi bá kọlu ọ̀kan, gbogbo ìwúwo ẹ́ńjìnnì á fa bóòtù yẹn lójijì. Ẹ tún fi ṣéènì so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀.

Síkúrù tuntun tí ẹ bá rà náà lè dá wàhálà sílẹ̀. Ti ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì fẹ̀ tó 6.35 mm, ó sì jọ M6. Á wọlé díẹ̀, á há, bí ẹ bá fi agbára kún un, á gé eyín alumíníọ́mù. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi yí i wọlé ná, kí irinṣẹ́ tó kàn án, bákan náà ni fún pílọ́ọ̀gì. Ẹ mú òòfà ẹ̀yìn sípíkà lọ sọ́jà: bí ó bá lẹ̀ gírígírí mọ́ síkúrù tí wọ́n ní kì í dípẹtà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi gírísì ojú omi pa eyín rẹ̀ kí ẹ tó dè é.

Síkúrù méjì ilé gíà, tí a ń tú láti pààrọ̀ epo rẹ̀, ni kí ẹ ṣọ́ jù. Fúláàtì ni ẹnu wọn sábà máa ń jẹ́, síkúrúdíráífà tó kún ẹnu náà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì pààrọ̀ wásà wọn nígbàkígbà tí ẹ bá tú wọn. Lẹ́yìn ìrìn-àjò àkọ́kọ́, ẹ dẹ ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ wo epo tó bá kán jáde. Bí ó bá ti funfun, omi ti wọlé, kí ọkọ̀ náà má tún jáde títí ẹ ó fi rí ibi tó ń gbà wọlé.