Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Ìkòkò Pírẹ́ṣọ̀

Ẹnìkan gbé ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyẹn ìkòkò tí a ń dé pa kí oru inú rẹ̀ lè mú oúnjẹ tètè jinná. Ó ní ó ti bàjẹ́, pé oru ń jò létí ọmọrí, ẹ̀wà kì í jinná nínú rẹ̀ mọ́, òun sì ti ń tu owó jọ láti ra tuntun. Mo yí inú ọmọrí náà sókè, mo yọ rọ́bà etí rẹ̀, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti gan bí awọ gbígbẹ, ó sì ya sí méjì lọ́wọ́ mi. Rọ́bà lásán! Ìkòkò fúnra rẹ̀ kò lárùn kankan. Ìkẹta irú rẹ̀ tí mo máa rí lọ́dún yìí nìyẹn, ó sì ń dùn mí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìkòkò yìí dáná, tí mo sì ń fi í han àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dé ọmọrí, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ má kún ìkòkò dẹ́nu. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òpin rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀wà, ìrẹsì tàbí ohunkóhun tó máa ń wú tó sì máa ń yọ ìfófó, ìdajì ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ìfófó yẹn ló ń gbé èèpo ẹ̀wà gòkè lọ dí ihò tí oru ń gbà jáde. Ẹ da ṣíbí òróró kan sínú ẹ̀wà, yóò dín ìfófó náà kù.

2. Ẹ má fi omi ṣahun. Omi ló ń di oru. Tí omi bá gbẹ, ìkòkò lẹ̀ ń sun. Ìwé tó bá ìkòkò yín wá ti kọ iye omi tó kéré jù lọ síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó wà láàárín mílílítà 250 sí 500. Ọbẹ̀ tó ki kò ṣeé kà sí omi o. Ìyẹ̀fun tí ẹ fẹ́ fi mú ọbẹ̀ ki, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ṣí ìkòkò.

3. Kẹ́ ẹ tó dé ọmọrí, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojú kan wo inú ihò oru. Tí ẹ ò bá rí ìmọ́lẹ̀ lódìkejì, ẹ má tíì tan iná.

4. Ẹ má fi ipá ṣí ọmọrí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ká mi lára jù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ìkòkò náà ná. Nínú ìkòkò lásán, omi máa ń hó ní 100°C, kò sì ní gbóná kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tí a dé pa, oru kò ríbi gbà, ó ń ti omi mọ́lẹ̀, omi náà sì lè gbóná dé nǹkan bí 121°C. Ìdí rèé tí ẹran líle fi ń rọ̀ kíákíá. Ẹ wá wo ọmọrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22: nígbà tí agbára oru bá ti pọ̀ dáadáa nínú ìkòkò, agbára tó ń tì í sókè tó ìwúwo nǹkan bí kílò 380. Àgbàlagbà márùn-ún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pa iná, agbára yẹn kì í kú lójú ẹsẹ̀. Tí ọmọrí bá ṣí lójijì, omi tó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ yóò di oru lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì kó gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò jáde.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti ṣe é. Àlejò ń dúró, ẹ̀wà wà lórí iná, ọmọrí kọ̀, kò yí. Mo fi ìdí ṣíbí onígi gbá ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ̀ díẹ̀. Mo gbọ́ “ṣìììì”, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ló sì kó ojú mi yọ. Ẹ̀wà lẹ̀ mọ́ àjà. Àpá iná náà ṣì wà lápá òsì mi, láti ọrùn-ọwọ́ títí dé ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Ọmọrí yẹn ń dá ẹ̀mí mi sí ni, èmi ni mo ń bá a jà.

Ẹ pa iná, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 sí 20 máa ń tó. Tí ìkòkò bá ní pínnì kékeré lórí, ẹ dúró kí ó já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ kó gbà yín ní wákàtí méjì, ẹ ti sè é láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Kí ló dé tí ẹ ò lè fún un ní ìṣẹ́jú 15? Tí ẹ bá ń kánjú lóòótọ́, ẹ lè rọra da omi tútù sí etí ọmọrí ìkòkò orí iná, ẹ má jẹ́ kó kan ihò oru. Ẹ má dán an wò lára èyí tó ń lo iná mànàmáná láéláé. Bí ọmọrí bá sì gbà láti ṣí, ẹ ṣí i láti apá òdìkejì yín, kí oru lè kọjú sí ibòmíràn.

Nǹkan tó tún ń bí mi nínú ni ohun tí wọ́n ń fi ojú fáàfù ààbò rí, ìyẹn ohun kékeré ara ọmọrí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ tí oru bá pọ̀ jù. Wọ́n ti gbé ìkòkò kan wá tí ẹnìkan yọ fáàfù rẹ̀, tó sì fi bóòtù dí ojú rẹ̀ pa nítorí pé “ó ń jò”. Ọdún 1679 ni Denis Papin, ará Faransé kan, ti ṣe irú ìkòkò yìí àkọ́kọ́, òun náà ló sì ronú kan fáàfù tó ń tú oru dànù tí agbára bá ti pọ̀ jù. Fáàfù tó ń jò sábà máa ń sọ fún yín pé ihò ti dí tàbí iná ti pọ̀. Ẹ tẹ́tí sí i.

Tí fèrè bá ti dún, ẹ dín iná kù.

Ẹ má dín nǹkan nínú òróró pẹ̀lú ọmọrí ní dídé, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Àwọn tó ń lo oníná mànàmáná, ẹ̀wà pupa tó rí bíi kíndìnrín ní májèlé tí iná jẹ́jẹ́ kì í pa. Ẹ má fi bọ́tìnnì tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ sè é láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ hó gidi.

Ó ku rọ́bà. Ẹ máa yọ ọ́ fọ̀ lẹ́yìn gbogbo ìlò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má tì ọmọrí pa tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ìkòkò pamọ́, ẹ dojú ọmọrí dé e lórí. Tó bá ti gan tàbí tó ń sán, ó ti tó pààrọ̀. Bí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́, ọdún kan ti tó o. Nọ́ńbà ìkòkò yín ni kẹ́ ẹ fi rà á, torí èyí tó kàn jọ ọ́ kò ní mú oru dúró.

Mo wọ rọ́bà tuntun sí ti ẹni tí mo ń sọ, mo bu omi nìkan sí i, mo gbé e kaná. Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ máa dán an wò nìyẹn kí oúnjẹ tó wọ̀ ọ́. Oru gbára jọ nínú rẹ̀, fèrè dún, etí ọmọrí gbẹ táútáú. Mo pa iná. Ó na ọwọ́ sí ọmọrí náà, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí pínnì fi já.