Bí Akéwì Ṣe Lè Di Ẹ̀tọ́ Iṣẹ́ Ọpọlọ Rẹ̀ Mú, àti Ìdí tí Òfin Fi Fún Un

Ẹni tó jí ìkòkò gbé ti gba ìkòkò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe àdàkọ ewì fi ewì sílẹ̀ fún akéwì, ó sì kó èrè rẹ̀ lọ. Bí èrè bá ti bọ́ lọ́wọ́ akéwì bẹ́ẹ̀, kò ní rí ohun tí yóò fi gbọ́ bùkátà nígbà tó bá ń ṣe òmíràn. Ìdí rèé tí òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 fi ewì sí ìkáwọ́ akéwì àti àwọn ajogún rẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tó bá papòdà, kó tó wá di ti gbogbo ayé. Ní tèmi, àdéhùn tó tọ́ ni.

Òfin kì í dáàbò bo èrò inú lásán, nítorí náà ẹ kọ ewì yín sílẹ̀ tàbí kí ẹ gbohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé tí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, títí kan àwọn ìlà tí ẹ fagi lé. Kò pọn dandan kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó di tiyín, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí àjọ NCC (Nigerian Copyright Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ) ń fúnni wúlò bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́. Ẹ má sì pe oríkì orílẹ̀ ní tiyín: gbogbo ọmọ orílẹ̀ ló ni ín, ọ̀nà tí ẹ gbà hun ún mọ́ ọ̀rọ̀ yín nìkan ni tiyín.

Ìwé àdéhùn ni ọ̀pọ̀ akéwì ti ń pàdánù. Bí ìwé tí ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ yín jáde gbé wá bá sọ pé ẹ gbé “gbogbo ẹ̀tọ́, títí ayé” fún un, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ àsanlẹ́ẹ̀kan, ogún àwọn ọmọ yín lẹ fẹ́ tà yẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: “Mo fún un láṣẹ láti gbé ewì yìí jáde fún ọdún 5, ní Nàìjíríà nìkan, èmi ni mo ṣì ni ín.” Ẹ jẹ́ kí ó sọ bóyá orí rédíò, orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí inú ìwé ni àṣẹ náà dé, nítorí pé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ ewì yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Kí ẹ̀dà kan tí tọ̀túntòsì fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ yín.

Bí ẹnì kan bá ṣe àdàkọ iṣẹ́ yín láìgbàṣẹ, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀rí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ tó bá a sọ ohunkóhun. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó gbà á sójú òpó rẹ̀ pé kó yọ ọ́ kúrò; tí wọn kò bá dáhùn, ẹ lọ sọ́dọ̀ àjọ NCC tàbí kí ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀.