Omidùn lábẹ́ máíkírósíkóòpù

Ní ọjọ́ kìíní tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ láàbù mi, n kì í gbé kòkòrò àrùn kankan síwájú wọn. Omidùn ògì ni mo máa ń gbé láti ilé. Àtìgbà tí a ti wà lọ́mọdé la ti ń mu kòkòrò inú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ṣe é bí ẹni pé onígbáméjì ló wà nínú ife náà. Ẹ wọ kóòtù, ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ di irun yín. Kò sí ẹ̀pà, kò sí gúgúrú, fóònù á sì wà nínú báàgì. Ẹ fi Jíìkì tí a fi omi là nu tábìlì.

Omi tó tòrò lókè ni kí ẹ bù. Bí ẹ bá rò ó pọ̀, ògì á bá a wọlé, áyódínì á sọ ọ́ di dúdú bí aró, ẹ ó wá máa pariwo pé ẹ rí kòkòrò ńlá. Ẹ fi iná sun ojú wáyà títí á fi pọ́n, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó fi bu ẹ̀kán kan. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí súláìdì, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń wo nǹkan lórí rẹ̀, kó gbẹ fúnra rẹ̀, kí ẹ wá gbé e kọjá lórí iná lẹ́ẹ̀mẹta, kíákíá. A ò yan ẹran o.

Hans Christian Gram, ará Denmark, ló gbé ọ̀nà ìpaláró yìí jáde ní 1884: àwọn bakitéríà kan á di aró elésè àlùkò mú, àwọn mìíràn á jọ̀wọ́ rẹ̀, wọn á sì gba pupa. Crystal violet, aró elésè àlùkò náà, ìṣẹ́jú kan, ẹ fi omi ṣàn án. Áyódínì, ìṣẹ́jú kan, ẹ tún ṣàn án. Ẹ pa iná kí ẹ tó ṣí ìgò ọtí láàbù (alcohol) tí a fi ń ṣan aró kúrò. Ibi ọtí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ẹ dá súláìdì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀. Gbàrà tí ọtí tó ń ṣàn kò bá ní aró mọ́, ẹ da omi lé e. Bó bá pẹ́ jù, èyí tó yẹ kó jẹ́ elésè àlùkò á jáde ní pupa. Ẹ wá fi safranin, aró pupa, parí rẹ̀, ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́ńsì kékeré ni ẹ ó kọ́kọ́ fi wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ kán òróró sí i, ẹ yí i sí lẹ́ńsì 100. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 10 tí ẹ ń fojú wò, ó di ìlọ́po 1000. Láti ibẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì ńlá tó ń mú lẹ́ńsì àti súláìdì sún mọ́ra kíákíá mọ́. Èmi fọwọ́ kàn án nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mo gbọ́ “kẹ̀”. Ọ̀gá mi ò bú mi. Ó tú lẹ́ńsì náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ bèèrè iye rẹ̀.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ elésè àlùkò tí ẹ bá rí, Lactobacillus ni, bakitéríà tó ń mú ògì kan. Àwọn ńlá tó rí bí ẹyin, tí òmíràn ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwúkàrà ni, kì í ṣe bakitéríà. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ ó rí àwọn róbótó: Staphylococcus tó ṣù jọ bí ìdì ẹyìn, Streptococcus tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ti onígbáméjì tẹ̀ bí àmì kọ́mà. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ yà, kì í ṣe ti inú ìwé.

Ẹ fi bébà lẹ́ńsì nu òróró, kì í ṣe etí kóòtù. Ẹ fọ ọwọ́. Omidùn tó kù, ẹ dà á nù. Lọ́dún kan, ọmọ kan ti gbé ife dání, ó ń bèèrè ṣúgà.