Bí a ṣe ń sọ omi kànga àti omi odò di mímu

Ẹ wá korobá ńlá kan, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ní ìdérí, aṣọ funfun tó nípọn, álọ́ọ̀mù, bílíìṣì, àti sìríńjì mílílítà 5 tí kò ní abẹ́rẹ́. Sìríńjì kò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ẹ má fi ọmọrí bílíìṣì wọn ọ́n, ọmọrí kì í dọ́gba.

Ẹ ká aṣọ náà sí ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ fi sẹ́ omi sínú korobá. Sísẹ́ omi báyìí wà lára ohun tó lé sòbìyà lọ, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kòkòrò kọ́lẹ́rà àti ti táífọ́ọ̀dù kéré gan-an, wọ́n á gba ojú aṣọ kọjá.

Bí omi bá ṣì rú, ẹ po ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì álọ́ọ̀mù lílọ̀ mọ́ omi díẹ̀ nínú ife fún lítà 25, kí ẹ dà á sí i. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá máa rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún márùn-ún. Ìdọ̀tí á ṣùpọ̀ bí òwú tútù, á sì máa rọra rì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ rọra da ti òkè sínú kẹ́ẹ̀gì láìru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí kò bá sí álọ́ọ̀mù, ẹ bó èso mọ̀ríńgà, kí ẹ gún un: ẹyọ kan sí lítà kan. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ mu omi yẹn tán.

Ìdí bílíìṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á dà á sínú omi tó ṣì rú, ìdọ̀tí á jẹ agbára rẹ̀ tán, kòkòrò á sì wà láàyè. Ẹ bu omi sínú ife gíláàsì, kí ẹ gbé ìwé sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí lẹ́tà kà, ẹ má tíì fi bílíìṣì sí i.

Èyí tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, tí kò ní lọ́fínńdà tàbí ọṣẹ, ni kí ẹ lò. Ẹ fa mílílítà 3 sí lítà 25, ẹ dé e, ẹ mì ín, kí ẹ wo aago: 30 ìṣẹ́jú gbáko. Ẹni tó bu omi mu ní ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì tọ́jú omi rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ó yẹ kí ó rùn bílíìṣì díẹ̀. Bí kò bá rùn rárá, ẹ fi mílílítà 3 mìíràn sí i, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí i. Oòrùn máa ń pa agbára bílíìṣì, inú òkùnkùn ni kí ẹ máa gbé e sí.

Ẹ má ti ọwọ́ tàbí ife bọ omi náà, ṣe ni kí ẹ máa dà á. Ẹ má dà á sínú àmù, nítorí amọ̀ máa ń jẹ bílíìṣì.

Omi ọmọ ọwọ́, ẹ sè é kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, nítorí àwọn kòkòrò kan wà tí bílíìṣì kò lè pa. Èyí tó bá ń rùn kẹrosíìnì tàbí oògùn apakoríko, sísè àti bílíìṣì kò ràn án. Ẹ lọ pọn omi níbòmíràn.