Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àdéhùn tẹlifíṣọ̀n bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n yunifásítì

Ó ń dùn mí dé ọkàn. Ọdọọdún ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìdí iṣẹ́ títa eré yunifásítì fún tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà ń kó sínú kòtò kan náà, owó ilé ẹ̀kọ́ ló sì ń bá a lọ.

Èkíní, ẹ má ka owó March Madness, ìdíje àṣekágbá ọdọọdún ti gbogbo orílẹ̀-èdè, mọ́ tiyín. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ló ta ti àwọn ọkùnrin fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS àti Turner títí di 2032. Ìdíje àárín ara yín àti àwọn eré mìíràn tí ẹ bá gbà nílé ni kọ́nfúrẹ́ǹsì, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó ń bá ara wọn díje, ní láti tà.

Èkejì, ẹ má so ara yín mọ́lẹ̀ pẹ́ jù. Kọ́nfúrẹ́ǹsì ACC bá ESPN, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, ṣe àdéhùn títí di 2036. Florida State àti Clemson, yunifásítì méjì nínú ACC, gbé kọ́nfúrẹ́ǹsì wọn lọ sí kóòtù kí wọ́n lè rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: kíkọ owó tó wà nílẹ̀. Ẹ wo Pac-12, kọ́nfúrẹ́ǹsì yunifásítì méjìlá. Ní oṣù kẹfà 2022, méjì nínú wọn, USC àti UCLA, UCLA tó ti gba ife NCAA bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ọkùnrin 11, kéde pé kọ́nfúrẹ́ǹsì Big Ten làwọn ń lọ. Ìròyìn tó jáde ni pé ESPN fẹ́ san nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Pac-12 ní mílíọ̀nù 50 làwọn máa gbà. ESPN dìde níbẹ̀. Ẹni tó ń wá ìfà ń wá òfò! Ààyè tí tẹlifíṣọ̀n ní fún eré níwọ̀n, bí ẹlòmíràn bá ti gbà á, tiyín ti bọ́ nìyẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn náà ni Big 12, kọ́nfúrẹ́ǹsì mìíràn, bá ESPN àti tẹlifíṣọ̀n Fox dé orí àdéhùn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2023, àdéhùn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Apple ló wà níwájú Pac-12, kò sì tó èyí tí wọ́n kọ̀. Mẹ́wàá nínú méjìlá ló kó ẹrù wọn lọ. Ó ku Oregon State àti Washington State.

Ti kámẹ́rà wá ńkọ́? Àdéhùn orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń di ìnáwó gbígbé eré jáde ru ilé ẹ̀kọ́, àwọn tuntun kì í sì í ka ojú ìwé yẹn. Mo bá kọ́nfúrẹ́ǹsì kékeré kan wo ìwé tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i: kámẹ́rà, wáyà, ẹni tó ń sọ bí eré ṣe ń lọ, gbogbo rẹ̀ dọrùn wọn. Ní gbọ̀ngán ọ̀kan nínú wọn, ọmọ iléèwé kan ló ń fi ọwọ́ kan yí kámẹ́rà, tó ń fi èkejì tẹ iye àmì-ayò. Owó tó ń wọlé lọ́dún kò tó èyí tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ. Ẹ wá abala yẹn rí kí ẹ tó mú bíírò.